Ọkọ̀ kékeré tó ń kó èrò lọ sí ilẹ̀ yìnyín: ọgbọ́n dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dá

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ dáadáa mọ̀ pé téèyàn bá ti kọjá Aṣejírè, Ìkirè ló kù, àti pé kí mọ́tò tó dúró tán ni àwọn tó ń kiri dòdò ti máa na ọjà wọn sójú fèrèsé. Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tí a fi ń jẹ ìrẹsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, èyí tí ẹlòmíì ì bá kó dà sórí ààtàn, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á sì mọ ọ́n kó tó di títà. Ohun tó yẹ kó jẹ́ àdánù ló di ọjà tí gbogbo ayé fi mọ ìlú náà.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló pa dòdò Ìkirè pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí. Òwò kan ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, òwò kíkó arìnrìn-àjò afẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré láti lọ wo òkè yìnyín, ẹyẹ penguin, àbùùbùtán àti béárì funfun ní ìpẹ̀kun ayé méjèèjì. Owó ńlá wà nínú rẹ̀, ewu náà kò sì kéré. Ohun tó mú kí a gbé e wá sí ojú ewé ìṣòwò yìí ni pé wàhálà tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ náà fínra kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí tòmátì ní Ìkirè àti Àpòmù. Ọjà wọn ń bàjẹ́, ìgbà wà tí kì í tà, owó oníbàárà máa ń wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, òfin ọjà sì wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lójú.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lars-Eric Lindblad, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ni wọ́n kà sí ẹni tó la ọ̀nà òwò yìí. Lọ́dún 1966, ó háyà ọkọ̀ kan ní Argentina, ó sì fi kó èrò lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá. Nígbà tó rí i pé ọjà náà ń tà, ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tòun fún òun ní Finland. Ọdún 1969 ni ọkọ̀ ọ̀hún, Lindblad Explorer, bọ́ sójú omi. Nǹkan bí 100 èrò péré ló ń gbà. Lindblad kò ta ọkọ̀ ńlá tó kún fún ijó àti tẹ́tẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìmọ̀ ló tà fún wọn: ó kó àwọn tó mọ̀ nípa ẹyẹ, ẹja àti òkúta sínú ọkọ̀ kí wọ́n máa ṣàlàyé ohun tí àwọn èrò ń rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn.

Ìlú Ushuaia ní ìpẹ̀kun Argentina ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Antarctica ti ń gbéra. Wọ́n á lo nǹkan bí ọjọ́ méjì lórí omi tí wọ́n ń pè ní Drake, omi tí ìgbì rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èrò fi máa ń dùbúlẹ̀ sínú yàrá wọn tí wọ́n á máa bì. Bí wọ́n bá débẹ̀, kò sí èbúté, kò sí òtẹ́ẹ̀lì, kò sí ọjà. Ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Zodiac ni wọ́n fi ń kó èrò dé etí òkun, díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fọ bàtà rẹ̀, kó má baà kó èso koríko tàbí àrùn wọ ilẹ̀ náà. Ẹ má ronú àtigbé dòdò dání o, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ àrùn yìí kì í ṣe àwàdà rárá. Àwọn tó ń sin adìyẹ láàárín wa kò tíì gbàgbé ohun tí bird flu fi ojú wọn rí lọ́dún 2006, nígbà tó kọ́kọ́ wọ Áfíríkà láti ìhà Àríwá Nàìjíríà. Irú àrùn yìí kan náà dé erékùṣù South Georgia ní ìparí ọdún 2023, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n ti rí i lára ẹyẹ lórí ilẹ̀ Antarctica gan-an. Láti ìgbà náà, ibi tí ẹyẹ bá ti ń kú, ọkọ̀ kì í sọ èrò kalẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ọkọ̀ kékeré fi ń gba owó tó ju ti ọkọ̀ ńlá lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin. Àwọn tó ń ṣe òwò yìí ti fẹnu kò pé èèyàn 100 péré ló lè wà lórí ilẹ̀ níbi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ọkọ̀ tó bá gbé ju 500 èrò lọ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ rárá: kí wọ́n máa wòran látinú ọkọ̀ ni. Ẹ wá wò ó. Ọkọ̀ tó gbé 100 èrò lè kó gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ pa pọ̀. Ọkọ̀ tó gbé 200 gbọ́dọ̀ pín wọn sí méjì, kí àwọn kan máa dúró de àwọn kan. Èyí tó gbé 400, ìpín mẹ́rin ni, àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa lò lórí ilẹ̀ yóò kéré gan-an. Torí náà, nígbà tí oníbàárà bá ń san owó gọbọi lórí ọkọ̀ kékeré, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ nìkan ló ń sanwó fún. Wákàtí tó máa lò lọ́dọ̀ ẹyẹ penguin ló ń rà.

Iye tí wọ́n ń gbà fún ìrìnàjò ọjọ́ 10 tàbí 11 sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 6,000 dọ́là, ó sì lè kọjá 15,000 dọ́là fún ẹni tó fẹ́ yàrá tó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan mọ bí òwò náà ṣe rí. Ká ní ọkọ̀ kan gbà 120 èrò, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 10,000 dọ́là. Mílíọ̀nù 1.2 dọ́là nìyẹn lórí ìrìnàjò kan. Ìgbà tí ojú ọjọ́ gbà kí ọkọ̀ lọ sí Antarctica kò ju láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta lọ, nítorí náà kò lè lọ ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá lọ lọ́dún. Mílíọ̀nù 15.6 dọ́là ni. Bí bẹ́ẹ̀dì 20 bá ṣófo ní ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 2.6 dọ́là ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iye epo tí ọkọ̀ ń jó kò dín kù, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò dín kù, owó ìnṣọ́ránsì kò sì dín kù. Bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo nígbà tí ọkọ̀ gbéra kò ṣeé tà mọ́ títí ayé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dín owó kù gan-an bí ọjọ́ ìrìnàjò bá ti súnmọ́, bí alátẹ tòmátì ní Àpòmù ṣe máa ń fi ènì kún ènì bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ìṣòro tó ga jù ni ti àwọn oṣù tó kù. Bí oṣù kẹta bá ti parí, òtútù àti òkùnkùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bo Antarctica, iṣẹ́ á sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òkè ayé, ní àwọn erékùṣù Svalbard tó jẹ́ ti Norway àti ní Greenland, ìgbà tiwọn ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀, láti bí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Torí náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ ayé lọ sí òkè ayé, kó sì tún padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń rin ìrìn yìí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á kàn máa jó epo lófìfo, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ ní Mile 12 tó wá ń padà sí Ìkirè láìgbé nǹkan kan. Ibi tí ọgbọ́n dòdò Ìkirè ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrìn tó jẹ́ àdánù náà. Wọ́n pín in sí ìrìnàjò kéékèèké, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì mú un gba ibi tó ní ohun téèyàn lè wò.

Etí òkun tiwa yìí wà lára ibi tí wọ́n ń gbà. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń yà ní Cape Verde, Senegal, Gambia, àwọn erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau, Takoradi ní Ghana, Lomé ní Togo àti Kútọnu ní Benin. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọjá lọ lásán. Ilé iṣẹ́ Hurtigruten ti Norway mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀, Spitsbergen, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò láti Dakar lọ sí Bijagós àti Cape Verde ní àkókò òtútù àwọn òyìnbó. Ọkọ̀ tí wọ́n fún lórúkọ ilẹ̀ yìnyín ló ń jẹun lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀. Ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀ sórí yìnyín náà ni wọ́n fi ń sọ wọ́n kalẹ̀ sórí iyanrìn, tí wọn kò fi nílò èbúté ńlá.

Ní Kútọnu àti Lomé, ọjọ́ kan tàbí méjì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò. Aṣojú kan ní ìlú náà á ti gbọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú pé wọ́n ń bọ̀. Òun ló ń wá bọ́ọ̀sì, amọ̀nà tó gbọ́ èdè, ilé oúnjẹ àti àwọn eléré. Wọ́n á kó àwọn àlejò lọ sí Ganvié, abúlé orí omi, tàbí Wídà, tàbí Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Owó tó ń wọlé fún onísẹ́ ọwọ́ àti alásè níbẹ̀ kò pọ̀ débi tó lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó, nítorí ọkọ̀ tó gbé 150 èrò kò lè tú ọjà ńlá kankan ká. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọkọ̀ afẹ́ kan ló máa yí ètò ọrọ̀ ajé ìlú yín padà, ẹ fà sẹ́yìn fún un. Ṣùgbọ́n owó gidi ni, ó sì ń dé ní ìgbà téèyàn lè mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá mú kí Èkó máa wòran? Ọ̀rọ̀ àwọn ajalèlókun ni ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí rẹ̀. Lọ́dún 2020, nínú òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé ní gbogbo ayé, 130 ló jẹ́ pé agbami Guinea tiwa yìí ni wọ́n ti jí wọn. Kò sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó máa gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò Deep Blue nílùú Èkó, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń ṣọ́ òkun, ìjínigbé lójú omi sì ti dín kù gan-an láti ìgbà náà. Orúkọ tó bàjẹ́ kì í tètè mọ́, àwọn oníṣòwò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gbé wa dé Àpòmù. Àwọn tó ka ìtàn mọ̀ pé láyé àtijọ́, ọjà Àpòmù kì í ṣe kékeré, ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà náà lórí ataare wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ogun tó fọ́ ìlú Òwu, tó sì da gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rú. Ataare o! Ọjà tí kò bá ní ẹni tí gbogbo ọlọ́jà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ohun kékeré ló máa tú u ká. Àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ yìnyín mọ èyí. Antarctica kò ní ọba, kò ní gómìnà, kò ní ọlọ́pàá. Àdéhùn kan tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí lọ́dún 1959, tí South Africa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti Áfíríkà nínú wọn, ló ń darí ibẹ̀. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ilé iṣẹ́ méje kó ara wọn jọ lọ́dún 1991, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IAATO, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́jà tiwa ṣe ń dá ẹgbẹ́ aláta tàbí ẹgbẹ́ ẹlẹ́pà sílẹ̀. Wọ́n ṣe òfin fún ara wọn: amọ̀nà kan fún 20 èrò, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ẹyẹ penguin ju mítà márùn-ún lọ, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọjọ́ àti ibi tó ń lọ kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé níbi kan náà. Ọkọ̀ ẹlòmíì tó bá bàjẹ́ lè ba ọjà gbogbo wọn jẹ́, ohun tó ń mú wọn ṣọ́ ara wọn nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ìjọba ń le sí i. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni wọ́n ti fòfin de epo dúdú tó nípọn ní Antarctica, àwọn ọkọ̀ ńlá kan sì kúrò níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òfin gbogbo ayé kan lórí ọkọ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀ yìnyín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èrò lè fi wà láàyè fún ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún kí olùgbàlà tó dé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, Norway ní ọkọ̀ tó bá gbé ju 200 èrò lọ kò gbọ́dọ̀ wọ àwọn ibi tí wọ́n dáàbò bò ní Svalbard, ibi 43 péré ni wọ́n sì ti lè sọ èrò kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti kan ọkọ̀ tó gba 300 èrò fún iṣẹ́ Svalbard ti mọ ohun tí òfin tuntun lè fojú ẹni rí. Ní ti iye èrò, ní àkókò ọdún 2023 sí 2024, àwọn tó lọ sí Antarctica lé ní 120,000, tí a bá sì ka àwọn tó kàn wòran látinú ọkọ̀ kúrò, nǹkan bí 78,000 ló fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún tí òfin wí yìí kò pọ̀. Ọkọ̀ Lindblad àkọ́kọ́ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tó ti di Explorer, tó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, lu yìnyín ní Antarctica ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2007, ó sì rì. Èèyàn 154 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lo wákàtí bíi mélòó kan nínú ọkọ̀ ìgbàlà kéékèèké lórí omi tútù kí ọkọ̀ Nordnorge, tó ń kó èrò afẹ́ bíi tiwọn, tó wá gbé wọn. Kò sí ẹni tó kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ Ocean Explorer tó gbé èèyàn 206 rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ní Greenland, ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun tó sún mọ́ wọn jù sì wà ní ohun tó ju 2,000 kìlómítà lọ. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ẹja tó fà wọ́n yọ. Nítorí irú èyí, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kì í gba ẹnikẹ́ni wọlé láìní ìnṣọ́ránsì tó máa san owó gbígbé aláìsàn padà.

Síbẹ̀, ohun tó ti pa àwọn kan nínú òwò yìí kì í ṣe yìnyín. Owó oníbàárà ni. Ó wọ́pọ̀ kí èrò san bí ìdá márùn-ún tàbí ìdá mẹ́rin owó náà gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀, kí wọ́n sì san gbogbo èyí tó kù ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọkọ̀ tó gbéra. Ilé iṣẹ́ á wá jókòó lé owó rẹpẹtẹ tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé, gbogbo ìrìnàjò dúró lójijì. Ọkọ̀ Greg Mortimer ti gbéra ní Ushuaia ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Nígbà tí wọ́n máa fi yẹ àwọn èèyàn 217 inú rẹ̀ wò, 128 ló ti ní àrùn náà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti fi owó ọ̀la ṣe iṣẹ́ àná kò sì rí i san. Wọ́n ní kí oníbàárà dúró di ọdún tó ń bọ̀. Vantage Travel, ilé iṣẹ́ kan ní Boston ní Amẹ́ríkà tó ń lo irú ọkọ̀ kékeré yìí, fà á títí di oṣù kẹfà ọdún 2023, ìgbà tó lọ sọ ní kóòtù pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ti san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kò rí ìrìnàjò, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí owó.

Kò sí télọ̀ ní Ìkirè tí kò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Owó àsansílẹ̀ aṣọ ìsinmi tí a fi ra kankéré fún aṣọ ìgbéyàwó ẹlòmíì, owó ìnáwó tí alásè gbà tó fi san owó ilé ìwé ọmọ, owó àga tí káfíńtà gbà tó fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Títí ẹni tó ni owó bá fi fẹ́ ọjà rẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ní òun kò ṣe mọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ń ta àpapọ̀ ìrìnàjò ṣe ètò tí owó oníbàárà kò fi ní bá wọn rì, bí ìnṣọ́ránsì tàbí àpò owó tí ẹlòmíì ń tọ́jú. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí òfin tó ní kí télọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì kejì ní báńkì kò wọ́n, alájọ pàápàá lè bá ni tọ́jú owó tí a kò tíì jẹ́ kó di tiwa. Bí iṣẹ́ bá ti parí ni kí a tó fà á yọ.

Ní ti àwọn tó ń ronú pé kí dòdò Ìkirè dé ọwọ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọkọ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó àgbàlagbà tó ń gun ọkọ̀ yìí kì í ra oúnjẹ tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára. Nọ́ńbà NAFDAC ló máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó o sínú ṣọ́ọ̀bù ní pápákọ̀ òfuurufú tàbí òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá sì fẹ́ mú un kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu gbọ́dọ̀ ṣètò ìwé ọjà tó ń jáde nílùú. Oníṣòwò kan ṣoṣo lè má rí owó rẹ̀ gbé. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tó bá para pọ̀ ní Ìkirè àti Àpòmù lè ṣe é lábẹ́ orúkọ kan.

Kí wọ́n sì wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni àwọn ọkọ̀ tó ń ti Antarctica bọ̀ ń gba etí òkun wa kọjá sókè, oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni wọ́n ń padà. Àwọn kan lérò pé ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ni kí a fi fà wọ́n wá sí ìpínlẹ̀ wa, ṣebí UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun sára ohun àjogúnbá ayé láti ọdún 2005. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, lákòókò yẹn gan-an ni ọkọ̀ wọn wà ní Svalbard, tí wọ́n ń wá béárì funfun kiri.